Àkùkọ mọ́kànlá lẹ́yìn ilé wa: bí mo ṣe ṣe é

Àgbébọ̀ méjì ló jọ sàba lẹ́yìn ilé wa ní Ọbántókò, Abẹ́òkúta, lóṣù kẹrin ọdún tó kọjá. Nígbà tí ọjọ́ 21 pé, ọmọ 19 ló jáde. Àṣá gbé méjì lọ, ó ku 17. Inú mi dùn púpọ̀, torí ẹyin ni mo ń wá, mo sì ti ń fọkàn ka ẹyin tí àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò máa yé.

Nígbà tí wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ orí wọn wò. Èyí tí ogbe rẹ̀ bá ti ń pọ́n tó sì ń nípọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ki ju ti àwọn yòókù lọ, akọ ni mo máa ń pè é. Ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn, níbi tó ti fẹ́ kan ìrù, ló wá jẹ́ kó dá mi lójú nígbà tó yá: ti akọ gùn, ó sì ṣe ṣóńṣó, ti abo rí roboto. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Abo mẹ́fà, akọ mọ́kànlá! Ìyá kan tí mo máa ń ra àgbàdo lọ́wọ́ wọn ní ọjà Kútọ̀ ní ẹyin tó ṣe ṣóńṣó ni mo kó sábẹ́ àwọn ìyá wọn, pé òun ló fà á. Mo dákẹ́ torí àgbà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìrísí ẹyin kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láti ara ìyá adìyẹ ni akọ tàbí abo ti ń wá, ìdajì-ìdajì ló sì yẹ kéèyàn máa retí. Tèmi kàn pọ̀ sápá akọ ni.

Àgbébọ̀ méje ni mo ní tẹ́lẹ̀. Tí a bá fi mẹ́fà yìí kún un, ó di 13. Àkùkọ kan á tó abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá dáadáa, èyí tí ara rẹ̀ bá yá gágá sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá àwọn ọmọ náà, àkùkọ àgbà tí mo ti ń sìn fún ọdún mẹ́ta, ṣì wà níbẹ̀. Àkùkọ 12, abo 13. Ìnira gidi nìyẹn máa jẹ́ fún àwọn abo, mo sì mọ̀.

Síbẹ̀ mo dúró. Ọ̀kan nínú wọn ló dá mi dúró: pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń dán bí epo, ìrù rẹ̀ dúdú, tí ó bá bọ́ sí oòrùn, àwọ̀ ewé á máa yọ lára ìrù náà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wa ló ń yìn ín. Mo ní òun ni yóò gbapò bàbá rẹ̀, n kò sì fọwọ́ kan àwọn yòókù nítorí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n di ọmọ oṣù mẹ́rin, gbogbo wọn ti ń kọ láti aago mẹ́rin ìdájí. Nọ́ọ̀sì ni aládùúgbò wa, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ọ̀sán ló máa ń sùn, wọn ò sì dákẹ́ lọ́sàn-án náà. Ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣe é, mi ò lè sùn mọ́.” Ojú tì mí.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn tí mo rí ẹ̀yìn àgbébọ̀ abilà mi. Kò sí ìyẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ pọ́n, èékánná ti ya á lábẹ́ apá. Abẹ́ igi ìdáná ló sá sí, kò jáde wá jẹun. Àwọn abo yòókù ti ń wà lórí igi tí wọ́n ń sùn sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí tí ọ̀kan bá sọ̀ kalẹ̀, àkùkọ mẹ́ta mẹ́rin á lé e bá. Ẹyin márùn-ún tí mo ń rí lóòjọ́ ti di méjì, ẹ sì wò ó, oúnjẹ ni mo ń dá lẹ́bi! Mo fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ojú egbò náà, mo fi àgò dé e síbi tí àwọn yòókù kò ti ní í rí i. Adìyẹ tó bá rí ojú egbò pupa lára èkejì kò ní í yé e ṣá.

Lọ́jọ́ kejì ni pupa fò mọ́ ọmọ ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, àgbàdo ló ń fọ́n fún wọn. Ó ha á lábẹ́ ojú, díẹ̀ báyìí ló kù kó kan ẹyinjú. Ọ̀rọ̀ ẹwà parí níbẹ̀.

Alẹ́ la kó wọn. Ẹ má gbìyànjú láti mú àkùkọ mọ́kànlá lọ́sàn-án, ẹ ó kàn dá ara yín lágara ni. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, adìyẹ kì í ríran dáadáa, jẹ́jẹ́ ni mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn lórí igi, tí bàálé mi di tọ́ọ̀ṣì mú. Wọ́n ti fi páálí, páànù àtijọ́ àti wáyà kan ilé kan fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ kejì ilé wa, lẹ́yìn ògiri tí wọn ò ti ní í rí abo kankan. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àkùkọ tí kò bá rí abo kì í jà tó èyí tó ń rí i. Alẹ́ kan náà ni mo sì kó gbogbo wọn wọ ibẹ̀, torí èyí tó bá dé lẹ́yìn, àlejò ni wọ́n máa kà á sí, wọ́n á sì fojú rẹ̀ rí màbo. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jà, lẹ́yìn náà oníkálukú mọ ipò rẹ̀. Ọpọ́n oúnjẹ méjì, omi méjì, kí alágbára kan má bàa jókòó ti gbogbo rẹ̀. Mo gbé garawa àtijọ́ síbẹ̀ kí èyí tí wọ́n ń lé lè rí ẹ̀yìn nǹkan sá sí. Mo tún ń fi okùn so ewé tẹ̀tẹ̀ kọ́ sókè kí wọ́n máa fò ó jẹ.

Oúnjẹ adìyẹ tó ń yéyin kọ́ ni mo fún wọn. Èròjà tó ń mú kí èèpo ẹyin le pọ̀ nínú rẹ̀, tí àkùkọ bá ń jẹ ẹ́ pẹ́, á ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Àgbàdo, èèrí ògì, ikán nígbà tí mo bá rí, àti oúnjẹ adìyẹ tó ń dàgbà lọ́wọ́, ni wọ́n jẹ.

Pupa àti ọ̀kan tó ń bá a dìtẹ̀ la kọ́kọ́ pa. A kò fún wọn lóúnjẹ láti ìrọ̀lẹ́, omi nìkan. Àlàájì ilé ọ̀tún ló bá wa dú wọn, kí àwọn náà lè bá wa jẹ níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló kìlọ̀ pé kí omi tí a ó fi bó ìyẹ́ má ṣe hó, torí omi tó bá ń hó a máa ya awọ. Wọ́n ní kí ẹran náà sùn di ọjọ́ kejì ká tó sè é, ó sì rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Bàbá oníṣẹ̀ṣe kan wá ra àkùkọ funfun. Funfun nìkan ni wọ́n ń fẹ́, wọn ò ná an lọ títí. Mo gbé ọ̀kan fún nọ́ọ̀sì wa, òun sì tọ́ sí i. Méje tó kù dúró di oṣù Kejìlá, ₦14,000 ni mo ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n ti wá rà wọ́n. Oúnjẹ jẹ púpọ̀ nínú owó náà. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, n ó ta mẹ́rin tàbí márùn-ún nígbà tí wọ́n bá tó oṣù mẹ́ta, fún ẹni tó fẹ́ sìn wọ́n de Kérésì.

Ó wá ku àkùkọ àgbà. Tó bá rí ikán, kì í jẹ ẹ́, á máa pe àwọn abo ni, á sì dúró títí wọ́n á fi jẹ ẹ́ tán. Òun ló kọ́kọ́ ń gbójú sókè tí àṣá bá ń rà bàbà. Kò bá ọmọdé jà rí. Ṣùgbọ́n àwọn abo mẹ́fà yẹn, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n, n kò sì fẹ́ kó máa gùn wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Òdẹ̀dá náà ní irú ìṣòro yìí, la bá ṣe pàṣípààrọ̀ lóṣù kìíní. Omi lé sójú mi nígbà tí mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àkùkọ tuntun fi dá wà kí n tó dà á pọ̀ mọ́ àwọn abo, kí n lè mọ̀ bóyá àìsàn wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn tó wọlé tán, a tún ń jẹ gbogbo ẹyin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta míì, torí àtọ̀ àkùkọ àtijọ́ lè wà lára abo fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà kí ẹnikẹ́ni sàba.

Abilà ló kọ́kọ́ sàba. Ìyẹ́ ti bo ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Ẹyin mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, mo ti fàlà sí ọjọ́ tí wọn yóò jáde lára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, mo ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ síwájú, mo sì kọ “wo ogbe” síbẹ̀.