Okùn oníwọ̀ púpọ̀ fún àrọ̀ ní odò Ọ̀pàrà, lágbègbè Sábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin

Bí òjò bá dá ní oṣù kọkànlá, tí odò Ọ̀pàrà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àrọ̀ a máa kó jọ sínú ibú àti abẹ́ gbòǹgbò igi etí odò. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dẹ okùn. Nígbà tí omi kún, ẹja ti tàn ká inú àbàtà, pàǹtí ni ìwọ̀ yóò máa fà jáde.

Ìyá okùn tó gùn ní mítà 30 gba ìwọ̀ 18. Kí mítà kan ààbọ̀ wà láàárín ọmọ okùn (okùn kékeré tí ìwọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀) kan sí èkejì, kí ọmọ okùn má sì gùn ju sẹ̀ntímítà 40 lọ. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹja tó há á yí, á yí, á lọ́ mọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀, ilẹ̀ á sì mọ́ bá yín nídìí kókó títú. Ẹ so orí kan mọ́ gbòǹgbò tútù, ẹ so òkúta mọ́ ìkejì. Ẹ̀ka gbígbẹ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: àrọ̀ ńlá kan á ṣẹ́ ẹ, á gbé gbogbo okùn lọ.

Ekòló dára fún ìjẹ, ṣùgbọ́n akàn àti ẹja wẹ́wẹ́ a máa jẹ ẹ́ tán kí àrọ̀ tó dé. Ọṣẹ líle (kì í ṣe oníyẹ̀fun o!) tí ẹ gé tó orí àtàǹpàkò máa ń pẹ́ lẹ́nu ìwọ̀.

Òru ni àrọ̀ ń jẹun. Ẹ dẹ okùn kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹ fà á ní ìdájí. Èyí tó bá kú sínú omi tó ti ń gbóná, ẹran rẹ̀ á rọ̀, á sì fọ́ lórí ààrò. Ẹ̀gún wà ní ìyẹ́ ẹ̀gbẹ́ àrọ̀, ẹ̀yìn orí ni kí ẹ ti dì í mú. Bó bá jẹ́ òjìjí, ẹja tí ń gbọ̀n ènìyàn bí iná mànàmáná, ló há, ẹ má fọwọ́ kàn án; ẹ gé ọmọ okùn.

Ẹ má da oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò òwú sódò rárá. Ó ń pa ọmọ ẹja, omi yẹn náà sì ni àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ń pọn.

Nílé, ẹ fi eérú bọ́ yọ̀rọ̀ ara ẹja, ẹ kó ìfun, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ ká a, kí ẹ fi igi tín-ín-rín gún ìrù mọ́ ẹnu. Iná líle ni kó kọ́kọ́ rí títí awọ yóò fi le. Lẹ́yìn náà, èéfín jẹ́jẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Bí iná bá le títí dópin, ẹ̀yìn á jóná, inú á ṣì tutù, ibẹ̀ sì ni ìdin ti ń bẹ̀rẹ̀.