Ẹ fẹ́ dísáìn aago olówó ńlá fún eré ọkọ̀ onígbòkun? Iṣẹ́jú márùn-ún ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tẹ́ ẹ ń ṣe dísáìn, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi àwòrán aago ránṣẹ́ sí mi, mo mọ̀ pé ẹ ti rí aago gidi lọ́wọ́ àwọn èèyàn ńlá lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ẹ mọ bí góòlù ṣe ń tàn lábẹ́ agbádá, ìyẹn dáa gan. Ṣùgbọ́n aago tí wọ́n bá ti ní ti eré yọ́ọ̀tì ni, iṣẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ lè ṣe kó tó di ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ò bá mọ iṣẹ́ yẹn, ìdákọ̀ró ló máa yà sójú ẹ̀ táá wá máa pè é ní aago ọkọ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún ò ju iṣẹ́jú márùn-ún lọ, òun ni màá sì fi ṣáájú torí gbogbo ìpinnu yòókù, látorí ẹ̀ńjìnì inú aago títí dórí àwọ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ọkọ̀ onígbòkun ò ní bíréèkì, atẹ́gùn ló ń gbé e, kò lè dúró sójú kan kó máa retí ìbọn bíi tàwọn tó ń sáré ẹlẹ́sẹ̀. Torí náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á máa yí kiri lẹ́yìn ìlà, ìlà ọ̀hún gan-an sì rèé, wọn ò fa nǹkan kan sórí omi o, àárín ọkọ̀ àwọn tó ń darí eré sí àmì kan tó léfòó lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n kàn ní ó wà. Ohun tí gbogbo atukọ̀ ń wá ni kí imú ọkọ̀ òun dé ìlà yẹn pẹ̀lú eré gidi, ní àáyá tí eré bẹ̀rẹ̀ gan-an. Tó bá pẹ́, àwọn tó ti ṣíwájú á ti dí atẹ́gùn mọ́ ọn. Tó bá yá jù, wọ́n á ta àsíá X, funfun tó ní àgbélébùú búlúù, ó di dandan kó padà sẹ́yìn ìlà kó tó máa bọ̀, àwọn yòókù ti lọ nìyẹn.

Òfin 26 ti World Sailing, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ onígbòkun lágbàáyé, ló ṣètò bí wọ́n ṣe ń kà á. Tó bá ku iṣẹ́jú 5, wọ́n á ta àsíá irú ọkọ̀ tó fẹ́ sáré. Tó bá ku 4, wọ́n á ta àsíá ìmúrasílẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni P, búlúù tó ní igun mẹ́rin funfun láàrin. Tó bá ku 1, wọ́n á fà á wálẹ̀, tó bá wá di òdo wọ́n á fa ti àkọ́kọ́ náà wálẹ̀, ó yá nìyẹn. Ìbọn tàbí fèrè máa ń bá a rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àsíá lòfin ní kí wọ́n fi ka àkókò, ìdí ẹ̀ ni pé ìró ò yára tó ìmọ́lẹ̀, nǹkan bíi mítà 340 ló ń lọ ní àáyá kan, ẹni tó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ìbọn á ti fi odidi àáyá kan pẹ́ kó tó gbọ́. Ẹ kọ 5, 4, 1, 0 sára ògiri níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó máa lo aago yín, ọwọ́ kan ẹ̀ lè wà lórí okùn, omi iyọ̀ á máa ta sí i lójú, ọkọ̀ á máa jó lábẹ́ ẹ̀, kò sì ní ju ìwòfìrí kan lọ tó máa fi wo ọwọ́ ẹ̀. Kí ló máa rí nínú ìwòfìrí yẹn? Ìbéèrè tí dísáìn yín máa dáhùn nìyẹn.

Ó yá, ẹ̀ńjìnì. Àwọn ilé iṣẹ́ aago Aquastar àti Heuer ti yanjú ẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1960 sókè: ihò róbótó márùn-ún lórí ojú aago, tí àwọ̀ inú wọn ń yí bí iṣẹ́jú ṣe ń lọ, èèyàn á kàn wo iye tó ti yí. Ó rọrùn, ó sì rẹwà, títí dòní n ò tíì rí èyí tó jù ú lọ fún ojú tó ń kánjú. Rolex gba ọ̀nà míì, Yacht-Master wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1992, ẹwà lèyí pọ̀ sí, àmọ́ Yacht-Master II tó dé ní 2007 ló ní ọwọ́ tó ń kà á sílẹ̀, èèyàn lè sọ fún un láti iṣẹ́jú 1 dé 10, tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ rí i pé kò bá àsíá mu, ẹ tẹ bọ́tìnnì, á bọ́ sórí iṣẹ́jú tó súnmọ́ ọn jù. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé kéèyàn kàn fi òrùka tó ń yí sójú aago, kó kọ 5, 4, 3, 2, 1 sí i, ó parí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Aago tó fẹ̀ ní mílímítà 42, yíká ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 132. Wákàtí kan ló gba gbogbo yíká yẹn, iṣẹ́jú márùn-ún wá jẹ́ mílímítà 11 péré, iṣẹ́jú kan ò tó mílímítà méjì àti ààbọ̀! Ta ló máa rí ìyẹn nínú omi? Ohun tí èmi máa ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ mú ẹ̀ńjìnì kuronógíráàfù tó ti wà nílẹ̀, ìyẹn èyí tó ní bọ́tìnnì téèyàn fi ń ka àkókò eré, bíi Valjoux 7750. Ìkà iṣẹ́jú 30 ẹ̀ wà lókè lọ́wọ́ agogo méjìlá, ẹ ní kí oníṣẹ́ aago tó mọṣẹ́ yọ ọwọ́ kékeré ibẹ̀ kó fi àwo pẹlẹbẹ tó ní àwọ̀ rọ́pò ẹ̀, kẹ́ ẹ wá la ihò márùn-ún sí ojú aago tó bò ó lórí. Ọwọ́ àáyá ńlá tó wà láàrin á máa ka àáyá fún yín. Tẹ́ ẹ bá rówó rà á, ẹ wá irú èyí tí ìtẹ̀ kan ṣoṣo lè dá padà sí òdo kó tún máa lọ láìdúró, torí ẹni tó bá pàdánù àsíá iṣẹ́jú 5 máa fẹ́ fi ti 4 tún un ṣe, kò ráyè ìtẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé 7750 nípọn ní mílímítà 7.9 kẹ́ ẹ tó fi gíláàsì àti ẹ̀yìn kún un, aago yín lè dé 14 sí 15. Ibí ló ti yẹ kẹ́ ẹ gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ẹ gé páálí, róbótó 42, ẹ gé etí tí bẹ́líìtì ń wọ̀ mọ́ ọn, ẹ lẹ páálí mélòó kan pọ̀ títí á fi nípọn tó, ẹ fi rọ́bà so ó mọ́ ọwọ́. Ẹ wá ká ọwọ́ yín sẹ́yìn bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ rí ibi tí orí aago, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń wáìn ín, ti ń gún ẹ̀yìn ọwọ́ yín? Ẹni tó ń fa okùn ìgbòkun, bó ṣe máa ká ọwọ́ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà nìyẹn, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọwọ́ á ti bó. Ẹ gbé orí yẹn lọ sápá òsì tó bá ṣeé ṣe, tàbí kẹ́ ẹ fi irin ṣe èjìká kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì kí etí ẹ̀ má mú. Ẹ tún fi páálí yẹn wọ bùbá ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ nawọ́ bí ẹni fẹ́ kí èèyàn, tí ọwọ́ aṣọ bá ń há sí i lára, ẹ tún un gé. Aago kan náà ló máa lọ sórí omi táá tún lọ síbi ìnáwó, ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá fi owó gidi rà á ò ní fẹ́ fi sínú dúrọ́ọ̀ nítorí agbádá.

Irin ńkọ́? Iyọ̀ inú òkun kì í fi irin sílẹ̀. Sítíìlì 316L ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, molybdenum tó wà nínú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó lè bá iyọ̀ jà. Táítáníọ̀mù fúyẹ́ jù ú lọ, bíi gíráàmù 4.5 ní sẹ̀ǹtímítà onígun kan, sítíìlì jẹ́ nǹkan bíi 8, góòlù kárátì 18 ń lọ sí 15, àwọn tó ń sáré gidi ò sì fẹ́ ẹrù lọ́wọ́. Góòlù náà ò burú o, àmọ́ lójú tèmi òrùka àti bọ́tìnnì ló yẹ kó mọ sí. Òrùka sẹ́rámíìkì, nǹkan kì í ha á bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá já lu símẹ́ńtì ó lè là. Gíláàsì sáfáyà ni kẹ́ ẹ lò, 9 ló gbà lórí ìwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Mohs, èyí tí dáyámọ́ǹdì gba 10, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ta padà sí i nínú, torí oòrùn orí omi ò ṣeé fojú kò. Orí aago kó jẹ́ èyí tó ń dè bíi bóòtù, kí rọ́bà tó ń dí omi wà lábẹ́ ẹ̀ àti lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Kó lè dènà omi dé mítà 100 ó kéré tán. Ẹ sọ fún oníbàárà pé ìdánwò ilé iṣẹ́ ni mítà yẹn, kò túmọ̀ sí pé kó wọ̀ ọ́ wẹ omi gbígbóná, ooru máa ń ba rọ́bà yẹn jẹ́, kó sì máa fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára ẹ̀ lẹ́yìn eré.

Ojú aago ló ń dùn mọ́ mi jù. Ihò márùn-ún yẹn gbọ́dọ̀ gba ipò kìíní, kí iṣẹ́jú tó kẹ́yìn ní àwọ̀ tiẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún pupa àti àwọ̀ ewé o. Lórí ọkọ̀, pupa ni òsì, àwọ̀ ewé ni ọ̀tún, iná ọkọ̀ lálẹ́ sì ń tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì sódì lójú aago, atukọ̀ tó bá rí i á ti mọ̀ pé ẹ ò bi ẹnikẹ́ni. Ọsàn ni mo fẹ́ràn lórí búlúù dúdú. Ẹ kun ọwọ́ aago àti àmì wákàtí pẹ̀lú kẹ́míkà strontium aluminate tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ́sàn-án tó ń tàn lálẹ́.

Ní ti bátànì abẹ́ ẹ̀, gbogbo ayé ló ti ya pákó ọkọ̀ àti ìgbì omi tán. Àwa ní aṣọ olọ́nà nílé. Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń hun ún lórí òfì ìnàró máa ń jẹ́ kí òwú yọ sókè lójú aṣọ, ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ sì wà lára nǹkan tí wọ́n ń hun sí i, ẹran omi ni wọ́n, aṣọ yẹn sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari ní Niger Delta láyé àtijọ́. Ẹ lọ wò ó lójú ara yín, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ gbé aṣọ náà sójú oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa rí i pé òjìji òwú tó yọ yẹn ló ń mú ọ̀nà náà hàn, kì í ṣe àwọ̀. Bó ṣe yẹ kó rí lójú aago nìyẹn: yíyọ díẹ̀, àwọ̀ kan náà, ẹni tó ń kánjú ò ní rí i, ẹni tó jókòó tó ń wò ó á rí i. Ẹ má kó àmì ìtagbè, aṣọ èjìká tó jẹ́ tàwọn Òṣùgbó, sí i, ìyẹn ní àwọn tó ni ín, ìhun nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ mú.

Owó tó pọ̀ gan-an, ara etí ilé aago ló ń lọ. Ẹ jẹ́ kí òkè ẹ̀ ní ilà wẹ́wẹ́ tí wọ́n hà sí ọ̀nà kan, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó gé díẹ̀ gba pọ́líìṣì títí táá fi máa dán bíi dígí, kí fífẹ̀ ibi tó gé yẹn má sì yí padà láti orí dé ìdí. Ẹ kọ ìwọ̀n ẹ̀ sórí àwòrán ní mílímítà, ẹ má fi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ láti fojú bù. Bẹ́líìtì, rọ́bà FKM ni, awọ màlúù á rà nínú omi iyọ̀. Ẹ lè fi ti aṣọ òkè kún páálí ẹ̀ fún ìnáwó, tẹ́ ẹ bá ti lo pín-ìn tó ń yọ wẹ́rẹ́. Ẹ má kọ Swiss Made sí i tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, láti 2017 òfin wọn ní ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Switzerland.

Tí wọ́n bá ti tẹ àkọ́kọ́ jáde lórí ẹ̀rọ 3D, kódà kó jẹ́ rọ́bà líle lásán, ẹ mú un lọ sórí omi. Àwọn tó sún mọ́ Èkó lè bá àwọn Lagos Yacht Club tó ti wà láti 1932 sọ̀rọ̀, àwa tó wà nílé ní ọ̀sà ní Ìwópìn. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì omi, ẹ wọ ọkọ̀, kí ẹnì kan dúró sétí omi pẹ̀lú aṣọ pupa táá máa nà sókè ní 5, ní 4, ní 1 àti ní òdo, kí ẹlòmíì máa da omi sí yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì máa pariwo iye tó kù láìdúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ihò tẹ́ ẹ bá kà láṣìṣe, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i. Bọ́tìnnì tí ìka tútù ò bá rí tẹ̀, ẹ ha orí ẹ̀ kó má yọ̀. Ẹ kọ àtúnṣe yẹn sórí àwòrán lọ́jọ́ náà gan-an kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ fún ìkejì.