Jíìpù Àtijọ́ Tí Kò Fa Epo: Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Ra Pọ́ǹpù

Kíkítátà ń yí dáadáa, ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Réwáyà àkọ́kọ́ tó bá dé á ní, "Bọ̀ọ̀dá, pọ́ǹpù yín ti lọ." Ẹ má tíì tọwọ́ bàpò o. Pọ́ǹpù méjì ni mo rà ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ n'Ìbàdàn, láàárín oṣù kan fún Pathfinder 1998 mi, kí n tó mọ̀ pé bóòtù kan tó dípẹtà lábẹ́ ọkọ̀ ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ yọ sọnù, pọ́ǹpù tó yè koko ni.

Ẹ kọ́kọ́ bu epo lítà márùn-ún sí táǹkì, torí gééjì jíìpù àtijọ́ máa ń parọ́. Ẹ fi mítà tí a fi ń wọn iná wọn bátìrì. Tó bá sinmi, ó yẹ kó tó fóòtì 12.6. Bí kò bá pé 12, ẹ lọ ṣáàjì rẹ̀ ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ohun tí mítà bá sọ lẹ́yìn èyí, irọ́ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí. Kí ẹnì kan ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin gbé etí sí ẹnu táǹkì. Nissan á kùn wùùù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì dákẹ́. Àmọ́ Toyota 4Runner ti àwọn ọdún 1990 kì í kùn tí ẹ bá kàn ṣí kọ́kọ́rọ́ lásán, àfi tí kíkítátà bá ń yí. Mo ti rí ẹni tó sọ odindi táǹkì kalẹ̀ torí ìdákẹ́jẹ́ yìí, tí kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkọ̀. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì 4Runner yẹn, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lára. Ẹ fi wáyà so ihò FP pọ̀ mọ́ +B, kí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Kílíìpù tí a fi ń di ìwé ni èmi ń lò. Ẹ ka ihò náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ki nǹkan bọ̀ ọ́.

Fíùsì àti rílè (àpótí kékeré tó ń tan iná sí pọ́ǹpù) kò le. Ẹ má fi ojú lásán wo fíùsì, ẹ fi mítà kan orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ fi rílè họ́ọ̀nù pààrọ̀ ti pọ́ǹpù, bí nọ́ńbà ara wọn bá bára mu.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ló kàn. Réwáyà á yọ púlọ́ọ̀gì pọ́ǹpù, á ki tẹ́ẹ́tà, gílóòbù kékeré tí wọ́n fi ń yẹ iná wò, bọ̀ ọ́, iná á tàn. Á ní, "Iná ń bọ̀, pọ́ǹpù ló kú." Irọ́ ni! Wáyà tó ti jẹrà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo ṣì máa fi fóòtì 12 hàn yín, níwọ̀n ìgbà tí ohunkóhun kò bá fà á. Ẹ wo họ́ọ̀sì tí ẹrẹ̀ ti dí. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, omi á máa ti ọwọ́ yín bíi pé agbára wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i sínú garawa wàyí: tó, tó, tó.

Nítorí náà, ẹ fún wáyà ní ẹrù gbé. Gílóòbù iná iwájú ọkọ̀, H4 oní-wáàtì 60, máa ń fa nǹkan bí áḿpù 5, pọ́ǹpù náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi òjé jó wáyà gígùn méjì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bíi mítà méjì-méjì, kí ẹ so ó mọ́ púlọ́ọ̀gì tó yẹ kó wọ pọ́ǹpù. Tèmi ti lo ọdún púpọ̀ nínú àpótí irinṣẹ́ mi, mi ò sì gba tẹ́ẹ́tà gbọ́ mọ́. Ẹ yọ rílè, kí ẹ fi wáyà tó ní fíùsì áḿpù 15 so ihò tí iná ń gbà wọlé pọ̀ mọ́ èyí tó lọ sí pọ́ǹpù (30 àti 87 lára ọ̀pọ̀ rílè).

Gbangba ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí táǹkì wà ní dídé, kí gílóòbù jìnnà sí i. Ẹ so gílóòbù tán kí ẹ tó fi iná sí i láti ihò rílè níwájú, kí iná má baà ta pàrà nítòsí epo. Tí òórùn epo bá ti gba ibẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Bí gílóòbù bá tàn funfun báláú, wáyà yè. Bó bá pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì (wáyà tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara irin ọkọ̀, tí iná ń gbà padà) ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa tàn bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ẹnu mítà dúdú kan òdì (–) bátìrì, kí pupa kan wáyà ẹ́ẹ̀tì gílóòbù. Ohun tó bá ju fóòtì 0.5 lọ, ẹ́ẹ̀tì ni. Tèmi ka 4.7. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo bá bóòtù kan tí ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà Akùfọ̀ ti bò. Mo fi ìka kàn án, orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ bí èèpo.

Bí ẹ́ẹ̀tì bá dára, ẹ máa tọ wáyà rere (+), èyí tó ń gbé iná wá, láti rílè lọ sẹ́yìn. Ibi tí panẹlibítà ti jó irin rí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, àti gbogbo ibi tí wọ́n fi téèpù wé. Ẹ gé wáyà títí ẹ ó fi kan bàbà tó ń dán, torí èyí tó ti dúdú kì í gba òjé. Ẹ jó o, kí ẹ fi rọ́bà tó máa ń fún tí ooru bá kàn án bò ó. Ẹ fi sáńpépà ha ojú ẹ́ẹ̀tì, ẹ de bóòtù tuntun, ẹ fi gírísì kun orí rẹ̀.

Wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ káwọn fún pọ́ǹpù ní "dáírẹ́ẹ̀tì" láti bátìrì. Ẹ kọ̀ jálẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan tí ẹ́ńjìnnì kú, pọ́ǹpù á ṣì máa da epo sílẹ̀.

Àfi tí gílóòbù bá tàn funfun tí pọ́ǹpù ò sì mira ni kí ẹ tó lọ sí Gate. Tòkunbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó ni èmi ń rà. Kí olùtajà fi iná bátìrì kàn án lójú yín, ìṣẹ́jú àáyá kan péré, torí epo ló ń tu pọ́ǹpù lára. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí epo tèmi dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì.