Bí Mo Ṣe Mú Sáfà Wa Máa Kọ Orúkọ Ẹni Tó Pa Fáìlì Rẹ́

Ní ọ́fíìsì wa ní Adó-Èkìtì, vsftpd, ètò tó ń jẹ́ kí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún àwọn mìíràn) gba fáìlì lọ́nà FTP, ni a fi ń gba fáìlì lọ́wọ́ ẹ̀ka wa ní Ìjerò. Nígbà tí fáìlì owó oṣù kan pòórá, mo ṣí /var/log/xferlog, ìyẹn fáìlì àkọsílẹ̀ sáfà náà, ṣùgbọ́n kìkì ohun tí wọ́n gbé wọlé àti ohun tí wọ́n gbé jáde ni mo bá níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí wọ́n ti ń fura sí ẹni tí kò sí ẹ̀rí kankan lòdì sí.

Ìlà xferlog_std_format=YES nínú /etc/vsftpd.conf, fáìlì ìṣètò vsftpd, ló fà á: bí ó bá wà bẹ́ẹ̀, vsftpd kì í kọ pípa fáìlì rẹ́ sílẹ̀, log_ftp_protocol (ìlà tó ń mú kí ó kọ gbogbo àṣẹ sílẹ̀) kì í sì í ṣiṣẹ́, bí a tilẹ̀ tàn án. Mo yí i sí NO, mo fi xferlog_enable (ìlà tó ń tan àkọsílẹ̀) àti log_ftp_protocol sí YES, mo sì tún vsftpd bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, /var/log/vsftpd.log ń kọ àkókò, orúkọ aṣàmúlò, àdírẹ́sì IP àti gbogbo àṣẹ, títí kan DELE tó ń pa fáìlì rẹ́, láì tú ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni síta. Àkọsílẹ̀ náà tètè ń tóbi, nítorí náà mo fi logrotate, ètò tó ń kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ sápá kan kí ó lè bẹ̀rẹ̀ tuntun, sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.