Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Po Oúnjẹ Adìyẹ Fúnra Wa

Láti ìgbà tí oúnjẹ adìyẹ inú àpò ti wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ àwa tó ń sin adìyẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra àgbàdo, sóyà, èérí àlìkámà àti PKC (èérí ekùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀), tí a ń lọ̀ ọ́, tí a sì ń pò ó fúnra wa. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé owó tí a rò pé a fi pamọ́ ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde: adìyẹ ń jẹ, kò tóbi, lẹ́yà ń jẹ, kò yé. A ó wá máa pe é ní àrùn, a ó máa ra oògùn, nígbà tó jẹ́ pé inú ọpọ́n oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ má lọ sóyà tútù sínú oúnjẹ adìyẹ. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ, nítorí òun ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Bí ẹ bá gbé sóyà tútù lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọn yóò ní purotéènì inú rẹ̀ tó bíi 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń de omi inú ìfun tó yẹ kó fọ́ purotéènì náà sí wẹ́wẹ́. Adìyẹ á jẹ ẹ́ tán, á sì yà á dànù. Ooru ló ń pa nǹkan náà. Ẹ yan sóyà yín, kí ẹ máa rò ó lórí iná títí yóò fi pọ́n díẹ̀, tí òórùn tútù bíi ti ewé yóò fi kúrò lára rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó jóná o. Sóyà tó bá dúdú ti pàdánù lára lysine rẹ̀ (ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì), bẹ́ẹ̀ sì rèé, nítorí pé lysine kò tó nínú àgbàdo la ṣe ń ra sóyà.

Nítorí náà, ẹ má gbára lé nọ́ńbà ara àpò nìkan. Náítírójìn ni wọ́n sábà ń wọ̀n, wọn á wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀ kí wọ́n tó pè é ní purotéènì. Yúríà tí a fi ń ṣe ajílẹ̀ ní náítírójìn, ìyẹ́ adìyẹ náà ní i; bí wọ́n bá fi wọ́n mọ́ oúnjẹ, nọ́ńbà á ga, ṣùgbọ́n kì í ṣe purotéènì tí adìyẹ lè lò. Ẹja lílọ̀ sì wà tí wọ́n fi iyanrìn mọ́: ẹ da díẹ̀ sínú ìgò omi, ẹ rò ó, ẹ ó rí i bí iyanrìn ṣe máa rì lọ sísàlẹ̀ kíákíá.

Ẹ má ra àgbàdo tàbí èérí ẹ̀pà tó ti bu nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wádìí títí wọ́n fi rí i pé inú èérí ẹ̀pà tí wọ́n kó wọlé láti Brazil ni ikú náà wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ aflatoxin, májèlé tó ń wà lára ọkà àti ẹ̀pà tó bá bu. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Sísá a sóòrùn kò lè mú un kúrò, yíyan kò sì lè pa á tán. Ìgbà tí ẹ fẹ́ kó àgbàdo pamọ́ ni kí ẹ ti ṣọ́ra: ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò gbígbẹ, ẹ fi iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, kí ẹ mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ṣì ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ tún un sá. Ẹ sì fi pákó sábẹ́ àpò, ẹ má gbé e lé sìmẹ́ńtì.

Ẹ má fi kóńgò wọn oúnjẹ. Kóńgò èérí àlìkámà kan fúyẹ́ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò àgbàdo. Ẹni tó fi kóńgò pò ó kò mọ ohun tó pò. Ẹ lo òṣùwọ̀n oníkílò. Ní ti premix, ìyẹn àdàlù fítámìn àti mínírà, bíi kílò 2.5 ni wọ́n sábà ń fi sí tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ bá kàn dà á lé òkìtì, adìyẹ kan á jẹ àjẹjù, òmíràn ò ní rí i. Inú garawa àgbàdo lílọ̀ kan ni kí ẹ ti kọ́kọ́ pò ó.

Ẹni tó bá fi pàkí rọ́pò àgbàdo, kó sá a gbẹ dáadáa nítorí májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì tó wà nínú rẹ̀, kó sì fi sóyà kún un. Purotéènì àgbàdo tó bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún; ti pàkí gbígbẹ kò ju bíi 3 lọ. Àwọ̀ pupa ẹyin yóò tún ṣá, torí ara àgbàdo pupa ni àwọ̀ yẹn ti ń wá.

Oúnjẹ lẹ́yà tó ṣẹ́kù, ẹ má kó o fún òròmọdìyẹ. Kálísíọ́mù inú rẹ̀ máa ń tó 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 1 péré ni òròmọdìyẹ sì nílò; àpọ̀jù rẹ̀ ń ba kíndìnrín wọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má fi oúnjẹ gírówà (ti adìyẹ tó ń dàgbà, tí kò tíì yé) bọ́ lẹ́yà tó ti ń yé. Èèpo ẹyin kan ṣoṣo ń gba kálísíọ́mù bíi gíráàmù 2. Bí adìyẹ kò bá rí i nínú oúnjẹ, inú egungun ara rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní lè gbé e dúró mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bu ìkarahun tí a fọ́ sí wóró fún wọn, kì í ṣe èyí tó kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Èyí tó rí wóró máa ń pẹ́ nínú iwe, á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ lóru, nígbà tí èèpo ẹyin ń dì.