Ẹ Má Fi "A Dúpẹ́" Dáhùn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ìwádìí Ìrora Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ibà, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ wà tí wọ́n ń so mọ́ aláìsàn lápá. Ìrora ò ní ẹ̀rọ kankan. Ẹnu ẹni tó ń jẹ̀rora nìkan ni dókítà gbára lé, bí ẹnu yẹn bá sì purọ́, kódà kó jẹ́ irọ́ ọmọlúàbí, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ìlú tí ilé-ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà wà là ń gbé. OAUTHC, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà n'Ilé-Ifẹ̀ níbí, Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Iléṣà, nírú ilé-ìwòsàn bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbàkigbà ni wọ́n lè ní kí èèyàn wá kópa nínú ìwádìí ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn èèyàn wa máa ń fẹ́ ṣe dáadáa síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe dáadáa náà gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì í.

Ohun tí ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń wá kò fara sin. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn, bóyá láti gbé ọmọ jáde, bóyá nítorí ìpá tàbí fibroid. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lẹ́yìn, tó mú ìsàlẹ̀ ara kú tipiri, ti ń tú lára, ìrora sì ti ń bọ̀. Nínú ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà pa á lẹ́nu mọ́, èwo ló dára jù? Wọ́n lè fún àwọn kan ní paracetamol àti diclofenac bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fún àwọn mìíràn ní ìwọ̀nyí kan náà, kí wọ́n tún gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹran ara kú sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́ wọn. Dókítà kọ́ ló ń yan ẹni tó máa gba èyí tàbí ìyẹn, kọ̀ǹpútà ló ń pín in, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè gbé èèyàn láti apá kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa wá sídìí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí bíi mélòó kan síra wọn, wọ́n á máa béèrè bó ṣe ń dùn yín tó.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Báwo ni ìrora yẹn?"

"Ọmọ mi, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Láti òdo dé mẹ́wàá ńkọ́, mà? Òdo ni pé kò dùn yín rárá, mẹ́wàá ni ìrora tí kò tún sí irú ẹ̀ mọ́."

"Há, kọ méjì síbẹ̀. Ọlọ́run ti ṣe é."

Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Màmá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí, ó fi eyín di ètè, òógùn sì bò ó níwájú orí. Nígbà tó fẹ́ wúkọ́, ìrọ̀rí ló fi tẹ ikùn mọ́ra. Ìyẹn kì í ṣe méjì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò lè kọ ohun tí ojú òun rí sílẹ̀; méjì tí Màmá pè ni yóò kọ.

Mo mọ ibi tó ti wá. Wọ́n kọ́ wa pé bí wọ́n bá kí wa, ọpẹ́ là ń kọ́kọ́ dá. Àwọn mìíràn gbà pé bí àwọn bá fẹnu ara àwọn sọ pé ó ń dun àwọn, àwọn ti gba àìsàn náà wọlé nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn kò fẹ́ kí ọmọ kékeré tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì gbọ́ pé ìpá tí wọ́n gé ń pa àwọn lẹ́kún. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, nínú ìwádìí sì rèé, kì í ṣe tara rẹ̀ nìkan. Bí gbogbo èèyàn bá ń pe méje ní méjì, ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n ń fi wéra á jọ ara wọn, bí ìgbà téèyàn ń fi kóńgò tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí wọn ìrẹsì. Wọ́n lè ju ọ̀nà tó dára nù. Aboyún tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Torí náà, ẹ dá ọpẹ́ yín tán, kí ẹ wá pe nọ́ńbà tó jẹ́ òótọ́. Wọ́n lè béèrè lẹ́ẹ̀mejì: ti ìgbà tí ẹ sùn jẹ́ẹ́, àti ti ìgbà tí ẹ wúkọ́ tàbí tí ẹ gbìyànjú láti dìde. Ẹ dá wọn lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí wọn kì í sábà rí bákan náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó wá kí yín bá yín dáhùn. (Àwọn kan wà tó jẹ́ pé mẹ́wàá ni wọ́n ń pè ní gbogbo ìgbà kí wọ́n lè tètè gún wọn lábẹ́rẹ́. Irọ́ kan náà ni.)

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni kí èèyàn máa jẹ̀rora nítorí pé òun "wà nínú ìwádìí". Ìwádìí tó bá mọ́yán lórí á ti pèsè oògùn ìrora mìíràn sílẹ̀ fún ẹni tí èyí tí wọ́n fún un kò bá ràn. Ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ béèrè fún un, ì báà jẹ́ láàárín òru. Kò ba ohunkóhun jẹ́: pé ẹ béèrè, àti aago tí ẹ béèrè, wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀.

Oògùn abẹ́ ìrọ̀rí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìyàwó ọmọ á gbé àgbo wá nínú ike omi, àbúrò á mú Alabukun bọ̀ látọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì, aláìsàn á lò ó nígbà tí nọ́ọ̀sì bá kọjá. Láti 1918 ni wọ́n ti ń ta Alabukun, ọ̀pọ̀ wa ló sì bá a nílé. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí ipá rẹ̀ tó kúrò lára. Ẹni tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, tó sì ń gba diclofenac lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ fi kún un. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ, bó bá pàdé tramadol, oògùn ìrora tó lágbára, lára èèyàn, oorun tó máa kùn ún lè mú kó má lè mí dáadáa. Paracetamol tí gbogbo wa fojú kéré náà ní ààlà: àgbàlagbà kò gbọdọ̀ gbà ju 4 gíráàmù lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn wóró 8 tó jẹ́ 500 mg. Èyí tí wọ́n fi sínú omi tí wọ́n fà sí yín lára wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, títí kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ sì sọ bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée tàbí àìsàn kíndìnrín. Dókítà tó bá fẹ́ bínú lórí àgbo, ẹ jẹ́ kó bínú.

Lórí ìfọwọ́sí, ìwé méjì ló wà. Ọ̀kan gba iṣẹ́ abẹ láyè, ìkejì gba ìwádìí láyè. Ẹ lè fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ kí ẹ sì kọ ìkejì, wọn kò sì gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ fawọ́ ìtọ́jú yín sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó wọn pọ̀ fún yín nígbà tí ìrọbí ti mú yín. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, kí wọ́n kà á fún yín lédè Yorùbá lójú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara wọn, kí ẹ tó tẹ̀ka. Ọkọ lè gba ìyàwó rẹ̀ nímọ̀ràn, àmọ́ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ti ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń sá nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò lọ́dún 1996, nígbà tí Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé tí àrùn yírùnyírùn ń bá jà. Ọmọ 200 ló wà níbẹ̀, ìdajì wọn ló gba Trovan. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìwádìí ni, ẹjọ́ náà sì pẹ́ nílé ẹjọ́ títí ilé-iṣẹ́ náà fi gbà ní 2009 láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi béèrè ọ̀rọ̀, ẹ má kàn fi sá. Ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí ìwádìí yìí, nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà dà? Bó bá jẹ́ oògùn tuntun ni wọ́n ń dán wò, NAFDAC mọ̀ sí i? Ta ni mo lè pè bí nǹkan bá ṣe mí lóru? Kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé náà lọ sílé. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó wọlé, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Owó ọkọ̀ ni wọ́n lè fún yín.

Èyí tó kù ni ti àwọn tó ń lọ tí wọn kì í padà. Wọ́n dá èèyàn sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ó gba Ìmèsí-Ilé tàbí Ifẹ̀tẹ̀dó lọ, nọ́ńbà fóònù tó fi sílẹ̀ kò wọlé mọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣọ́ ojú ọgbẹ́ bóyá yóò ṣọyún. Ní 2022, ìwádìí kan jáde tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 7 tí wọ́n ti ṣe é, aláìsàn 13,301 ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n dán wò kò ju pé kí àwọn oníṣẹ́ abẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kí wọ́n tó rán ikùn padà. Níbi tí wọn ò ti pààrọ̀, ojú ọgbẹ́ bíi 19 nínú 100 ló kẹ̀. Níbi tí wọ́n ti pààrọ̀, 16 ni. Ìyàtọ̀ tó kéré tó báyìí kò ní hàn bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá sọnù lẹ́yìn tí wọ́n délé.

Ẹ fi nọ́ńbà méjì sílẹ̀, tiyín àti ti ẹnì kan tí kì í pa fóònù. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe é mọ́, ẹ lè jáde nígbà tó bá wù yín, láìsọ ìdí kankan. Ẹ kàn pè wọ́n, kí ẹ ní ẹ ti jáde, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa yọ okùn ojú ọgbẹ́ yín.