Ẹ Nu Ẹnu Fáíbà Kí Ẹ Tó Ná Dọ́là: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọṣẹ́

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní 2024 pé a óò ri fáíbà (okùn gíláàsì tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀) kìlómítà 90,000 sí ilẹ̀ Nàìjíríà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń rọ́ wọ iṣẹ́ wa, inú mi sì dùn sí i, nítorí iṣẹ́ náà tó gbogbo wa ṣe. Owó tí mo ń rí tí wọ́n ń dà nù ni kò dùn mọ́ mi. Wọn a ka ìròyìn nípa ẹ̀rọ 800G (èyí tí ń gbé gígábíìtì 800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wọn a wo fídíò nípa lésà tí wọ́n tẹ̀ sórí sílíkọ́ọ̀nù, wọn a sì wá béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí wọ́n ti lè rà wọ́n, nígbà tí okùn tí wọ́n fà sí ilé oníbàárà ní àná kò tíì ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo gbà pé ẹni tí ó ń ka èyí mọ ohun tí single-mode jẹ́ (fáíbà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo nínú rẹ̀), ó sì ti di splicer, ẹ̀rọ tí ń yọ́ ẹnu fáíbà méjì pọ̀, mú rí. N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D.

Àṣìṣe kìíní: ẹ má ṣe yọjú wo inú ẹnu fáíbà láti mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń lò, tí ìgbì rẹ̀ gùn tó 1310, 1490 tàbí 1550 nanómítà, kì í hàn sí ojú ènìyàn, ojú tí kò sì rí i náà ni yóò bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí power meter, ẹ̀rọ tí ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀, fi wà.

Àṣìṣe kejì ni kí a máa so APC mọ́ UPC, irú ẹnu okùn fáíbà méjì tí ó yàtọ̀ síra. APC aláwọ̀ ewé ni a dán ẹnu rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 8 (8°) kí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ta padà má baà gba ojú ọ̀nà kan náà lọ bá lésà. UPC aláwọ̀ búlúù kò ní ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn. Wọ́n lè wọ inú adapter (ihò ìsopọ̀) kan náà, èyí ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò lè bára mu, afẹ́fẹ́ a sì wà láàárín wọn. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tí ó tà á bá ní àwọ̀ kò ṣe nǹkan kan, ẹ dá a padà fún un.

Àṣìṣe kẹta ni èrò pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá lágbára jù ni ó dára jù. Mọ́dù 10G (mọ́dù ni ẹ̀rọ kékeré tí ń ta ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà tí ó sì ń gbà á) tí wọ́n ṣe fún kìlómítà 80 lè ta ìmọ́lẹ̀ jáde tó +4 dBm (dBm ni a fi ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀, dB ni a fi ń wọn iye tí ó dín kù), bẹ́ẹ̀ ni ojú tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ lára irú rẹ̀ kò fẹ́ ju -7 dBm lọ. Ẹ wá mú méjì nínú rẹ̀, ẹ fi patch cord kékeré (okùn ìsopọ̀ kúkurú) so wọ́n pọ̀ lórí tábìlì láìsí attenuator tí ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ ní ẹ ń dán an wò. Ohun tí ẹ ń ṣe níbẹ̀ ni pé ẹ ń lu ojú ara wọn fọ́. Bákan náà ni ti GPON, ètò tí fáíbà kan fi ń sin ọ̀pọ̀ ilé: ONT (ẹ̀rọ tí a ń gbé sí ilé oníbàárà) tí ó wà ní ìpele agbára B+ fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wà láàárín -8 àti -27 dBm, splitter oní-32 tí ó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà 32, tí ó ń jẹ nǹkan bíi dB 17, sì wà lára ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ splitter kúrò kí iná lè lágbára kò tíì ka ìṣirò náà rí. Àwọn tí ó ṣe Equiano, okùn abẹ́ òkun tí Google mú gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù kẹta 2022 àti sí Èkó ní oṣù kẹrin, mọ èyí dáadáa. Wọn kò fipá ti ìmọ́lẹ̀ ńlá gba inú fáíbà díẹ̀; fáíbà méjì-méjì lọ́nà 12 ni wọ́n tẹ́, wọ́n sì pín agbára iná tí ó wà fún gbogbo wọn ní ìwọ̀nba, títí tí àpapọ̀ ohun tí okùn náà lè gbé fi tó 144 Tbps (térábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan).

Ẹ̀kẹrin ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ìdọ̀tí ni. Ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà láàárín fáíbà single-mode kò ju nǹkan bíi máíkírónì 9 lọ, nítorí náà ekuru ọyẹ́ kan ṣoṣo tí ojú kò lè rí lè dí apá tí ó pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, mo ti rí ẹni tí ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu ẹnu fáíbà. Mo ti rí ẹni tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, tí itọ́ sì ń ta sí i lára. Mo ti rí ẹni tí ó rọ sánítáísà ọwọ́ sí i, nítorí pé ọtí wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè mí ní Ọ̀gá Alágbàfọ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé n kò mọ̀; ìyàwó mi sì ní bí wọ́n bá gbé ẹ̀pà fún mi, n óò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosikópù. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní 1966, nígbà tí Charles Kao àti George Hockham kọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé okùn gíláàsì lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe gíláàsì fúnra rẹ̀ ni ó ń pa ìmọ́lẹ̀ kú bí kò ṣe èérí tí ó wà nínú rẹ̀, àti pé bí a bá lè yọ èérí náà títí tí àdánù yóò fi wálẹ̀ sí dB 20 ní kìlómítà kan, iṣẹ́ ti di ṣíṣe nìyẹn. Àwọn ará Corning ní Amẹ́ríkà dé ibẹ̀ ní 1970, Kao sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Àwọn ènìyàn yìí fi làálàá lé èérí jáde kúrò nínú gíláàsì, ìwọ wá fi ìka tí o fi jẹ àkàrà dá a padà sí i lẹ́nu.

Àwọn ohun tuntun tí ó ń dé kò sì dín ọ̀rọ̀ yìí kù, ńṣe ni wọ́n ń mú un le sí i. Nígbà tí a ń lo 10G, ìpele ìmọ́lẹ̀ méjì péré ni ẹ̀rọ ń kà: ó tàn dáadáa tàbí kò tàn. PAM4 ni ọ̀pọ̀ 400G àti 800G tí ó wà lọ́jà báyìí ń lò, ìyẹn ni pé ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń kà nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, àlàfo tí ó wà láàárín ìpele kan àti èkejì sì ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí ó ta padà láti ẹnu tí ó dọ̀tí, tí 10G kò ní kà sí, lè mú kí 400G ṣi ìpele kan kà sí òmíràn.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Èkó tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ra mọ́dù 400G DR4 láti so switch (ẹ̀rọ tí ń darí ìsọfúnni láàárín kọ̀ǹpútà) méjì tí ó wà nínú ilé kan náà pọ̀. Iná tàn, ìsopọ̀ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Nígbà tí ó di ọ̀sán tí yàrá ẹ̀rọ gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n ní mọ́dù ni, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún já. Wọ́n ní switch ni, wọ́n sì ti ń dúnàádúrà dọ́là pẹ̀lú àwọn tí ó tà á kí ẹnìkan tó rántí mi. Mo ní kí wọ́n fi iye bíìtì tí FEC ń tún ṣe hàn mí, kò sì sí ẹni tí ó ti wo ibẹ̀ rí. FEC ni ó ń tún bíìtì tí ó bàjẹ́ ṣe kí oníbàárà tó mọ̀, nípa bẹ́ẹ̀ ó lè bo ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ fún yín títí di ọjọ́ tí agbára rẹ̀ kò ní ká a mọ́. Iye náà ti ń gòkè láti àárọ̀. Mo ti maikirosikópù bọ ẹnu MPO wọn (ẹnu tí ó kó fáíbà púpọ̀ pọ̀), mo rí òróró ìka lórí fáíbà bíi mélòó kan, ekuru sì ti há sí ìdí àwọn píìnì rẹ̀. Mo nu ìhà méjèèjì, jíjá dópin. Ọ̀gá wọn wò mí títí, ó ní, “Ẹnjiníà, ṣé owó pé ẹ nu nǹkan ni a fẹ́ san fún yín yìí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ẹ má sì sọ fún mi pé tuntun ni, pé inú ọ̀rá ni ẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́. Ìdérí oníke tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an lè ta èérí sí i lára. Ẹ wò ó, ẹ nù ún, ẹ tún un wò, kí ẹ tó kì í bọ ibi tí ó ń lọ, kí ẹ sì ṣe bákan náà fún ojú ihò tí ẹ fẹ́ kì í bọ̀. Ohun ìnu gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí èérí bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ lo isopropyl tí ó tó ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ sì fi gbígbẹ nù ún tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀, nítorí bí ó bá fúnra rẹ̀ gbẹ, yóò fi àbààwọ́n sílẹ̀. Sípírítì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn kì í ṣe ohun tí mò ń sọ. Ohun ìnu ti LC, ẹnu kékeré tí ó ní fáíbà kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ti MPO.

Èyí tí ó kàn (n kò mọ iye tí mo kà dé mọ́) ni ríra ohun tí kò tíì kàn yín. Ní 2025, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Southampton àti Microsoft tẹ àbájáde fáíbà oníhò jáde, èyí tí inú afẹ́fẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń kọjá nínú rẹ̀ dípò gíláàsì. Àdánù rẹ̀ jẹ́ dB 0.091 ní kìlómítà kan, nígbà tí ti gíláàsì tí gbogbo wa ń lò wà ní nǹkan bíi 0.2. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn, ìmọ́lẹ̀ sì ń yára nínú rẹ̀ ju inú gíláàsì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fa fáíbà láti orí òpó sí ilé ìyá oníbàárà kan ní Bódìjà kò ní ohun tí yóò fi ṣe, yóò sì dára kí ó lọ ra okùn G.657A2 tí ó lè gba kọ́ọ̀nà tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7.5, kí ó yé fi ìṣó kan G.652, fáíbà lásán tí kò fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, mọ́ ara ògiri. Bákan náà ni switch tí Nvidia kéde ní oṣù kẹta 2025, tí wọ́n gbé ẹ̀yà ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ chip fúnra rẹ̀. Lésà rẹ̀ wà lọ́tọ̀ ní iwájú ẹ̀rọ, ó sì lágbára, nítorí náà ẹni tí ó ń fi ṣẹ́ẹ̀tì nu ẹnu fáíbà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, torí ìdọ̀tí tí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá bá lójú ọ̀nà lè jóná mọ́ gíláàsì.

BiDi ni mọ́dù tí ń ta ìmọ́lẹ̀ tí ó sì ń gbà á lórí fáíbà kan ṣoṣo. Méjì tí ó jọra nínú rẹ̀ kò lè bára wọn sọ̀rọ̀: bí ọ̀kan bá ń ta 1310 tí ó sì ń gba 1550, èkejì gbọ́dọ̀ máa ta 1550 kí ó sì máa gba 1310.

Bí OTDR, ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà yẹ fáíbà wò, bá fi hàn yín pé ìsopọ̀ kan fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀, ẹ má ṣe yọ̀. Fáíbà méjì tí inú wọn kò tóbi bákan náà ni wọ́n pàdé níbẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ìhà kejì, kí ẹ pín àpapọ̀ rẹ̀ sí méjì. Ẹ fi launch cable (okùn fáíbà tí ó wà láàárín OTDR àti fáíbà tí ẹ ń wọ̀n) sí iwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní rí ẹnu àkọ́kọ́ rárá. Ẹ sì wọ̀n ọ́n ní 1310 àti 1550 papọ̀, nítorí ibi tí okùn ti tẹ̀ jù máa ń hàn ní 1550 ju bí ó ti ń hàn ní 1310 lọ.

Ní ti splicer, gbogbo ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ mi irú èyí tí wọn yóò rà, kò sí ẹni tí ó ń béèrè nípa cleaver, ohun tí a fi ń gé ẹnu fáíbà. Bí ojú tí ẹ gé bá dà ju ìwọ̀n 1 (1°) lọ, splicer olówó gọbọi yóò kọ̀ ọ́, tàbí kí ó so ó tán kí àdánù pọ̀ níbẹ̀. Abẹ cleaver tí ó wọ́pọ̀ ní ipò 16, ẹ máa yí i sí ipò tuntun bí ó bá ti ń kú, ẹ má ṣe fi ìka kan ojú rẹ̀. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, ẹ háyà splicer fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ ra cleaver tí ó dára, pẹ̀lú ohun ìnu LC méjì.